Kí Ọmọ Tó Kọ ABD, Ẹ Fún Un Ní Kíréyọ̀n

Láti Ìpájà wọ Bárúwà, pátákó ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi pọ̀ débi pé ẹni tó ń wá ilé-ìwé fún ọmọ rẹ̀ lè má mọ èyí tí yóò mú. Kò yani lẹ́nu. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, èèyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, níbi tí àdúgbò méjèèjì wà, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Èkó tí wọ́n ti ka iye tó tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, ńṣe ni ilé ń bí ilé. Níbi tí àwọn tọkọtaya ọ̀dọ́ bá sì ti ń gbilé, ilé-ìwé ọmọdé kì í pẹ́ débẹ̀.

Àwọn òbí tó ń mú ọmọ ọdún mẹ́ta lọ sírú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè kan tí wọ́n sábà máa ń bi tíṣà: "Àǹtí, ìgbà wo ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé?" Tí wọ́n bá tú báàgì ọmọ wò nírọ̀lẹ́, tó jẹ́ ẹja tí ọmọ fi kíréyọ̀n pupa kùn ni wọ́n bá níbẹ̀, inú ọ̀pọ̀ wọn kì í dùn. Lójú wọn, eré ni kọ́lọ̀, ìyẹn kíkun àwòrán, owó ilé-ìwé kò sì gbọdọ̀ bá eré lọ. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni 1 dé 100 nínú nóòtù. Àwọn onílé-ìwé mọ ohun tí òbí ń fẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń tètè gba kíréyọ̀n lọ́wọ́ ọmọ, tí wọ́n ń fi pẹ́ńsùlù rọ́pò rẹ̀.

Àìgbọ́ra-ẹni-yé ló wà níbẹ̀. Ọmọ tó jókòó ti àwòrán ẹja, tó ń gbìyànjú kí àwọ̀ má kọjá ìrù rẹ̀, iṣẹ́ ìwé ló ń ṣe. Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí àwọn tó ń kíyè sí ọmọdé ti ń sọ ọ́, ìwádìí tòde òní nípa ọpọlọ sì ti fi kún un.

Ohun tí Montessori fi lé ọmọ lọ́wọ́

Orúkọ kan wà tó wọ́pọ̀ lára pátákó ilé-ìwé ọmọdé ní Èkó: Montessori. Dókítà obìnrin ará Ítálì ni Maria Montessori, ọdún 1870 ni wọ́n bí i. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1907, ó ṣí ilé ẹ̀kọ́ kan fún àwọn ọmọ òtòṣì ní àdúgbò San Lorenzo nílùú Róòmù. Òbí àwọn ọmọ náà ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láti àárọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò mójú tó àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀.

Montessori kò kọ́kọ́ ní kí wọ́n máa da a, b kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ìwé. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n gé sí oríṣiríṣi ìrísí ló kó fún wọn: róbótó, onígun mẹ́ta, onígun mẹ́rin. Ọmọ á gbé irin lé bébà, á fi pẹ́ńsùlù aláwọ̀ fa ìlà yí i ká, á gbé irin kúrò, á wá máa fi ìlà wẹ́wẹ́ kun inú ìrísí náà títí yóò fi kún. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìlà á máa ta kọjá ààlà. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, ìlà á máa tọ́, á máa sún mọ́ra, ọwọ́ á sì mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ní àsìkò kan náà, àwọn ọmọ ń fi ìka tọ ipa lẹ́tà tí wọ́n fi sáńpépà gé, wọ́n sì ń pe ìró rẹ̀. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1909, Montessori ròyìn bí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin kan ṣe ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n kà pàápàá. Ọwọ́ wọn ti gbára dì kí lẹ́tà tó dé.

Irú iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Kí ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì tó dé ni ọmọ ilé-kéwú ti ń jókòó pẹ̀lú wàláà lórí itan. Ààfáà á fi kálámù àti tàdáwà kọ álífù àti báà sára rẹ̀, ọmọ á máa fi ìka tọ́ka sí i, á máa ké e sókè. Tó bá ti mọ̀ ọ́n, wọ́n á fọ wàláà, wọ́n á kọ òmíràn. Ọwọ́, ojú àti ẹnu ló jùmọ̀ ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì rí níbi kíkun àwòrán.

Ọwọ́ kì í gbó lọ́jọ́ kan

Egungun kéékèèké 8 ló wà nínú ọrùn-ọwọ́ àgbàlagbà. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó tíì gbó. Rírọ̀ ni gbogbo wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbó, èyí tó kẹ́yìn kì í sì í bẹ̀rẹ̀ sí í gbó títí ọmọ yóò fi sún mọ́ ọdún 10. Ẹni tó bá ń bínú pé ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta ń gbọ̀n lórí ìlà, ẹ jẹ́ kó rántí pé ọwọ́ náà ṣì ń di ọwọ́ ni.

Bí ọmọ ṣe ń di kíréyọ̀n mú fi èyí hàn kedere. Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ máa ń dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni di ọmọ odó mú, èjìká ló sì fi ń fa ìlà. Láàrin ọdún méjì sí mẹ́ta, ìka á bẹ̀rẹ̀ sí í na sórí kíréyọ̀n, ìgbọ̀nwọ́ á sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èjìká. Nígbà tó bá tó nǹkan bí ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà, àtàǹpàkò, ìka tó tẹ̀ lé e àti ìka àárín á pàdé, ìka yóò wá máa ṣe ohun tí apá ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí a ṣe ń di bírò mú nìyẹn. Kíkun àwòrán wà lára iṣẹ́ tó ń mú ọmọ dé ibẹ̀, pẹ̀lú mímọ amọ̀, pípo ìyẹ̀fun àti ṣíṣa ẹ̀wà. Kíréyọ̀n tó ti kán tilẹ̀ dára ju odindi lọ fún èyí, nítorí kò sí àyè fún gbogbo ọwọ́ lórí rẹ̀. Ìka nìkan ló lè dì í mú.

Ìlà fífà náà ní bó ṣe ń tẹ̀ léra. Nǹkan bí ọdún méjì ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń lè wo ìlà òòró kí wọ́n sì fa irú rẹ̀. Ìlà ìbú ló tẹ̀ lé e. Tó bá tó ọdún mẹ́ta, róbótó á dé. Àmì àròpọ̀ ń dé ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin, onígun mẹ́rin sì tẹ̀ lé e láìpẹ́. Ìlà tó dà gẹ̀rẹ̀ àti onígun mẹ́ta, nǹkan bí ọdún márùn-ún ni.

Ẹ wá fi èyí wé lẹ́tà. Ìlà òòró kan àti ìlà ìbú kan ló di L àti T. Ẹni tó lè fa róbótó lè kọ O. Ṣùgbọ́n ìlà tó dà gẹ̀rẹ̀ ló wà nínú A, K, W àti Y, ìlà yẹn ló sì ń pẹ́ dé jù. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò lè kọ K kì í ṣe olódo. Ẹgba kò lè mú un kọ ọ́. Ọjọ́ orí àti eré ọwọ́ ló ń mú un wá.

Ojú tó ń rí àmì kékeré

Ábídí Yorùbá ní lẹ́tà 25, àwọn kan nínú wọn sì fara jọra gan-an. B àti D tẹ̀ léra, tí wọ́n bá sì wà ní lẹ́tà kékeré, ẹ̀gbẹ́ tí ikùn wọn kọjú sí nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Àmì kékeré tó wà nísàlẹ̀ ló ya ẹ sọ́tọ̀ sí e, ọ sọ́tọ̀ sí o, ṣ sọ́tọ̀ sí s. Láìsí àmì yẹn àti ohùn orí ọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn àti ẹ̀ṣẹ̀ tí a ń tọrọ ìdáríjì fún kò ní í yàtọ̀ lójú ìwé.

Ọmọ tó bá máa kàwé Yorùbá gbọ́dọ̀ ní ojú tó ń rí ohun kékeré. Kíkun àwòrán ń kọ́ ojú ní èyí. Kí ọmọ tó kun etí ewúrẹ́ ní dúdú, kó sì fi ara rẹ̀ sílẹ̀ ní funfun, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i pé etí dá yàtọ̀, kó rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ojú tó ti ń ṣe èyí fún oṣù púpọ̀ kò ní í fò kọjá lórí àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà.

Tíṣà lè mú un wọ inú ábídí tààrà. Kó kọ lẹ́tà ọ ńlá kan tó gba gbogbo ojú bébà, kó ní kí àwọn ọmọ kun róbótó rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, kí wọ́n sì kun àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní pupa. Lọ́jọ́ kejì, kó kọ lẹ́tà ọ àti o mọ́ra wọn, kó ní kí wọ́n wá èyí tó yẹ kó ní pupa. Bí wọ́n bá ṣe ń kùn ún ni kí wọ́n máa pe ìró rẹ̀.

Ẹnu gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọwọ́

Ibi tí ọ̀pọ̀ kíláàsì ti ń fi èrè ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nìyí. Tíṣà á pín bébà, á pín kíréyọ̀n, á sì ní kí kálukú dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ń mú ìdajì èrè lọ. Ọmọ kò lè lóye ọ̀rọ̀ tí kò tíì gbọ́ rí nígbà tó bá bá a pàdé nínú ìwé. Ibi tí wọ́n ti ń kun àwòrán sì jẹ́ ibi tó dùn ún gbọ́ ọ̀rọ̀ tuntun. "Kí ni ẹja yìí ń ṣe? Níbo ló ń lọ? Kí ni wọ́n ń pe apá ibí yìí lára rẹ̀?" Ìpẹ́, lẹbẹ, ìrù: ọ̀rọ̀ mẹ́ta nìyẹn láti ara ẹja kan.

Èdè Yorùbá lọ́rọ̀ gan-an níbi àwọ̀. Aṣọ lè pupa bẹ̀lẹ̀jẹ̀, ó lè funfun báláú, ó sì lè dúdú kirikiri. Ẹ jẹ́ kí ọmọ pàtẹ́wọ́ sí wọn bó ṣe ń kun àwòrán lọ, bẹ̀-lẹ̀-jẹ̀, bá-lá-ú, ki-ri-ki-ri. Gígé ọ̀rọ̀ sí sílébù báyìí jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó lè kàwé, ọmọ tó ń pàtẹ́wọ́ sì rò pé eré lòun ń ṣe.

Èdè tí wọ́n fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó kúrò nínú Yorùbá bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ jálẹ̀ ló ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Fáfúnwá padà di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láàrin ọdún 1990 sí 1992. Òbí ní Bárúwà tó ń bẹ̀rù pé sísọ Yorùbá nídìí kíréyọ̀n yóò fa ọmọ sẹ́yìn, ẹ̀rí Ifẹ̀ kò tì í lẹ́yìn.

Ohun tí ìwádìí sọ, àti ibi tí kọ́lọ̀ mọ

Lọ́dún 2005, Marieke Longcamp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 76 tí wọn kò tíì lé ní ọdún márùn-ún. Wọ́n fi ọwọ́ kíkọ kọ́ àwọn kan ní lẹ́tà, wọ́n sì fi bọ́tìnì kọ̀ǹpútà kọ́ àwọn yòókù. Nínú àwọn tó dàgbà jù lára wọn, àwọn tó fọwọ́ kọ ọ́ ló dá lẹ́tà mọ̀ jù. Lọ́dún 2012, Karin James àti Laura Engelhardt láti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí wọn wọ inú ọpọlọ. Àwọn ọmọ ọdún márùn-ún tí kò tíì mọ̀wé kà kọ lẹ́tà fúnra wọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì tún tọ ipa lẹ́tà tí wọ́n ti fi àmì ya sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ wo ọpọlọ wọn bí wọ́n ṣe ń wo lẹ́tà, lẹ́tà tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ láìtọ ipa ẹnikẹ́ni ló jí àwọn ibi tí àgbà fi ń kàwé.

Ìwádìí kejì yìí ní ẹ̀kọ́ méjì. Àkọ́kọ́ ni pé ọwọ́ àti ìwé kíkà so mọ́ra gan-an. Nítorí náà, kọ́lọ̀ orí fóònù, níbi tí ọmọ á ti fi ìka kan kan ojú gíláàsì tí gbogbo àwòrán á sì kún lẹ́ẹ̀kan náà, kò lè rọ́pò kíréyọ̀n àti bébà. Ẹ̀kejì ni pé títọ ipa ohun tí ẹlòmíràn ti yà kò tó. Viktor Lowenfeld, tí ìwé rẹ̀ lórí àwòrán ọmọdé jáde lọ́dún 1947, tilẹ̀ ta ko ìwé kọ́lọ̀ pátápátá. Ó ní ọmọ tó bá ń kun àwòrán àgbà ṣáá kò ní í gbà gbọ́ mọ́ pé òun náà lè yà á.

Ohun tó tọ́ wà láàrin méjèèjì. Ìwé kọ́lọ̀ dára fún ìkóra-ẹni-níjàánu: jíjókòó, bíbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí a sì parí rẹ̀, dídúró níbi ààlà. Bébà òfìfo dára fún ìrònú ọmọ fúnra rẹ̀. Ọmọ nílò méjèèjì, ó sì nílò ẹni tí yóò kàwé sí i létí pẹ̀lú. Kò sí iye ẹja tí ọmọ lè kùn tí yóò fi mọ ìró lẹ́tà bí ẹnikẹ́ni kò bá pè é fún un.

Bí ilé àti kíláàsì ṣe lè ṣe é

Owó ńlá kò sí níbẹ̀. Páálí kíréyọ̀n tí ilé-iṣẹ́ Binney & Smith ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ tà lọ́dún 1903 kò ní ju àwọ̀ 8 lọ, sẹ́ǹtì 5 péré ni wọ́n sì ń tà á. Àwọ̀ 8 ṣì tó ọmọ ọdún mẹ́ta lónìí. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá, páálí indomie tí a ya sílẹ̀ àti bébà tí ọ́fíìsì ti lò lójú kan, gbogbo rẹ̀ ló gba àwòrán. Ṣọ́ọ̀kì lórí sìmẹ́ńtì àgbàlá dára púpọ̀ fún ọmọ ọdún méjì tó ṣì ń fi èjìká yàwòrán.

Ẹ kíyè sí ohun kan níbi rírà. Ọmọdé máa ń ti kíréyọ̀n bọ ẹnu. Lọ́dún 1994, àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kó oríṣi kíréyọ̀n mélòó kan kúrò lọ́jà nítorí òjé tí wọ́n rí nínú wọn. Èyí tí orúkọ ilé-iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ pé kò ní májèlé wà lára páálí rẹ̀ ni kí ẹ rà.

Àwòrán tí ọmọ yóò kùn kò ní láti jẹ́ yìnyín tàbí ilé-ìṣọ́ ọba òyìnbó. Tíṣà tó bá lè fa ìlà lè ya kẹ̀kẹ́ Márúwá, ìkòkò, àgbàdo àti ìlù gángan. Àdìrẹ náà kún fún àwòrán tó yẹ ọmọdé: àràbarà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn ní òpó Gbọ̀ngàn Mápó ti Ìbàdàn nínú, onígun mẹ́rin rẹ̀ sì tò létòlétò. Ọmọ tó bá kùn ún láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún, láti òkè wá sísàlẹ̀, ti ń gba ọ̀nà tí ojú rẹ̀ yóò gbà kàwé.

Tí ọmọ bá parí, ẹ bi í léèrè ohun tó yà, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an sábẹ́ rẹ̀: "Ẹja yìí ń lọ bá ìyá rẹ̀." Kí ẹ fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń kà á fún un. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, kódà bó jẹ́ lẹ́tà kan péré ló lè kọ. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń mọ̀ pé ohun tí a rò ṣeé sọ, ohun tí a sọ ṣeé kọ, ohun tí a kọ sì ṣeé kà.

Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fúnra rẹ̀ kò pe èyí ní eré òfìfo. Lára ohun tó ní kí ẹ̀kọ́ ọmọdé ṣe ni kó ru ìfẹ́ ìwádìí àti ọgbọ́n àtinúdá sókè nínú ọmọ nípasẹ̀ iṣẹ́ ọnà, orin àti ohun ìṣeré. Ó tún ní kí tíṣà kan má ní ju ọmọ 25 lọ. Kíláàsì tí ọmọ bá ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí bí Àǹtí ṣe lè jókòó ti ọmọ kọ̀ọ̀kan bi í léèrè ohun tó yà.

Ìdí wà tí kò fi yẹ ká fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Àjọ UNICEF sọ pé lórílẹ̀-èdè yìí, mẹ́ta nínú ọmọ mẹ́rin tó wà láàrin ọdún 7 sí 14 ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kó yé wọn, tàbí kí wọ́n ṣe ìṣirò tó rọrùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn ń lọ sílé-ìwé, nóòtù wọn sì kún. Wọ́n da ohun tí kò yé wọn kọ láti kékeré ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí ní Bárúwà, ní Ìkọ̀tún, ní Ẹ̀gbẹ́dá àti ní Ìgàndo, nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ yan ilé-ìwé fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ má wo nóòtù nìkan. Ẹ wo ògiri kíláàsì bóyá iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ wà níbẹ̀, àti bóyá iṣẹ́ náà yàtọ̀ síra. Ẹ bi tíṣà bó ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń kun àwòrán, kí ẹ sì bi í léèrè èdè tó ń sọ sí wọn. Tó bá dalẹ́, tí ọmọ bá mú ẹja pupa wálé, ẹ jókòó tì í, ẹ ní kó ka ìtàn ẹja náà fún yín.